Orí Kẹta: Òkun Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́

Ìdíje triathlon oníwọ̀n àárín jẹ́ kìlómítà 113 lápapọ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ fún kìlómítà 1.9, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ fún 90, ẹ ó wá fẹsẹ̀ sáré fún 21.1, láìsinmi láàárín wọn. Tí a bá fi ojú ìṣirò wò ó, omi kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn náà. Ká tiẹ̀ fi àkókò wọ̀n ọ́n, ẹni tó lo wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, tó sì lo ìṣẹ́jú 45 nínú omi, kò lò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí eré kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn fi ń kó owó lé kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń kó àkókò lé ẹsẹ̀, tí wọ́n á sì fi omi sí ìkẹyìn, bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ní orí yìí ni pé ìṣirò náà pé, àmọ́ ìpinnu tí wọ́n gbé ka orí rẹ̀ kò tọ̀nà. Tó bá jẹ́ etí òkun ni ẹ ti fẹ́ díje, òkun ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, kí ẹ sì kọ́ ọ ju bí kìlómítà rẹ̀ ti mọ lọ. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni kí ẹ wá níbẹ̀. Ẹ fi ìyára sílẹ̀ di ọdún mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú Nice ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ọ̀kan nínú àwọn ilé àgbà eré yìí ni. Láti ọdún 1982 ni wọ́n ti ń ṣe triathlon níbẹ̀, ará Amẹ́ríkà kan, Mark Allen, sì gba ipò kìíní níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé oníwọ̀n yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Ironman 70.3, torí pé máìlì 70.3 ni kìlómítà 113. Etíkun Nice kò ní yanrìn tó tẹ́ lọ salalu bíi tiwa l'Ékòó. Òkúta róbótó-róbótó ló kún ibẹ̀, tó ń yẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ilẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ wọnú omi débi pé kí èèyàn tó gbé ẹsẹ̀ bíi mélòó kan, kò ní fẹsẹ̀ kanlẹ̀ mọ́. Kò sí pé à ń bu omi pa itan díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ inú omi náà tún pọ̀ ju ti òkun Àtìláńtíìkì lọ, ó tó gíráàmù 38 nínú lítà kan, níbi tí ti Àtìláńtíìkì ti jẹ́ bíi 35. Iyọ̀ yẹn ń gbé ara léfòó díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e mì ní ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́rin yóò gbé inú rírú gun kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn omi, ojú ọ̀nà ọdún 2019 gun òkè Col de Vence, tó ga ní mítà 963, kó tó padà wá sí Promenade des Anglais, ọ̀nà gbọọrọ etíkun tí wọ́n ti sáré láìsí ibòji tó ṣe é gbára lé. Gbogbo ohun tí ojú ń rí pé ó le ní Nice, ẹ̀yìn omi ló wà. Ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ gan-an nìyẹn: tí àlàyé mi bá lè dúró níbi tí òkè ti gba gbogbo àfiyèsí, yóò dúró ní etíkun mìíràn.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ kò dùn-ún gbọ́, àmọ́ ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀. Ní ọdún 2017, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Annals of Internal Medicine nípa àwọn tó kú, tàbí tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì rí wọn jí padà, lẹ́nu triathlon ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1985 sí 2016. Èèyàn 135 ni wọ́n kà. Ìfarapa orí kẹ̀kẹ́ ló pa 15 nínú wọn. Nínú 120 tó ṣẹ́kù, 90 ni ọ̀ràn bá nínú omi, 7 lórí kẹ̀kẹ́, 15 lẹ́nu eré sísá, 8 sì jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti parí. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 47. Ọkùnrin ni 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí n má bàa dá yín níjì lásán, ewu náà kò tó èèyàn méjì nínú 100,000 tó díje, kò sì yẹ kó lé ẹnikẹ́ni sílé. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: kí ló dé tí apá tó kúrú jù lọ, tó tún jẹ́ òun ló ṣáájú, nígbà tí kò tíì rẹ ẹnikẹ́ni, fi kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀? Apá kan ìdáhùn wà nínú ìwádìí náà fúnra rẹ̀: nínú òkú 61 tí wọ́n là wò, 27 ló ní àbùkù ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ṣe pàtàkì. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lé ní 40, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní ìdílé rẹ̀, dókítà ni kó kọ́kọ́ lọ bá, kó tó lọ bá ẹni tó ń kọ́ni ní ìwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n sì yẹ bí ọkàn yín ṣe ń lù wò.

Apá kejì ìdáhùn ni ohun tí omi tútù ń ṣe fún ara. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mike Tipton ti Yunifásítì Portsmouth ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀. Tí omi tútù bá ṣàdédé bo awọ ara, èèyàn á fa èémí kan sínú lójijì, kó fẹ́ kó kọ̀. Mímí á wá máa já lura wọn, ọkàn á sì máa lù kìkìkì. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Tí ẹnu bá wà lábẹ́ omi lásìkò tí èémí àìròtẹ́lẹ̀ yẹn wọlé, omi ló máa fà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Tí ojú bá wọnú omi tútù, tí èèyàn sì sé èémí, ara tún máa ń pàṣẹ fún ọkàn pé kó rọra lù. Àṣẹ pé kó sáré àti àṣẹ pé kó rọra dé bá ọkàn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2012, Tipton àti Michael Shattock dábàá pé ìforígbárí yìí lè da ìlù ọkàn rú, pàápàá lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀. Àbá ni, gbogbo oníṣègùn kò tíì fẹnu kò lé e lórí, àmọ́ ó bá ohun tí ìwádìí Amẹ́ríkà kà mu. Ẹ wá ronú nípa ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje: ẹni tí kò sùn dáadáa, tí ọkàn rẹ̀ ti ń lù kí fèrè tó dún, tó sáré já wọnú omi, tó dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú sì gbá gọ́gùsì ojú rẹ̀ dànù. Kò sí ìgbà mìíràn láàárín kìlómítà 113 náà tí nǹkan tó pọ̀ tó báyìí máa ń dé bá ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ara tètè máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Wíwọ omi tútù fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà péré, lè dín ìjáyà àkọ́kọ́ náà kù dé ìdajì. Kò sí ohun tí ẹ lè rà sára kẹ̀kẹ́ tó lè ṣe yín lóore tó pọ̀ báyìí ní owó tó kéré báyìí. Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Ẹ má ṣe dá lọ láéláé. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀wẹ̀ wà pẹ̀lú yín nínú omi, kí òmíràn sì wà létí omi. Ẹ rìn wọlé títí omi yóò fi dé àyà, ẹ bu omi sójú àti sẹ́yìn ọrùn, kí ẹ dúró. Ẹ máa fẹ́ èémí jáde gùn ju bí ẹ ṣe ń fà á sínú lọ, kí ẹ kà á dé mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ki ojú bọ omi, kí ẹ máa fẹ́ èémí jáde sínú rẹ̀ kó máa hó pùtùpùtù. Lẹ́yìn náà, ẹ yí padà, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ẹ na apá, kí etí wà nínú omi, kí ẹ má gbá ohunkóhun. Ohun tí àjọ adóòlà-ẹ̀mí RNLI ń kọ́ àwọn ará Bìrìtìkó nìyẹn: tí ẹ̀rù bá bà ẹ́, léfòó ná kó o tó ronú. Ẹ ṣe é títí tí yóò fi di ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, torí pé ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀, ọpọlọ kò ní ráyè rántí.

Àwọn kan yóò sọ pé orí kẹ̀kẹ́ ni a ti ń rí àkókò gbà, àti pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kò ní wákàtí tó máa fi ṣòfò létíkun. Òótọ́ ni apá àkọ́kọ́, mi ò ní jiyàn rẹ̀. Ẹni tó ń gun kìlómítà 25 ní wákàtí kan yóò lo wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 36 lórí kìlómítà 90. Tó bá fi ìdánrawò gbé e dé 28, ó ti jèrè ìṣẹ́jú 23. Kò sí bí aláàbọ̀ ìmọ̀ ìwẹ̀ ṣe lè rí ìṣẹ́jú 23 gbà nínú omi. Ìdí gan-an tí mo fi ní kí ẹ fi ìyára sílẹ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú 70 ni gbèdéke omi nínú ìdíje Ironman 70.3, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 41 fún mítà 100 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta wẹ mítà 100 yóò jáde ní ìṣẹ́jú 57, ẹnikẹ́ni kò ní lé e. Àmọ́ agbára tó máa gun òkè, inú omi ló ti ń kọjá wá. Ní ọdún 2005, Peter Peeling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà ní kí ọkùnrin mẹ́sàn-án tó ti mọ eré yìí dáadáa ṣe triathlon kúkúrú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n máa yí bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n rọra wẹ̀, ní bíi ìdá 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìyára wọn, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ dáadáa ju ìgbà tí wọ́n fi gbogbo ara wẹ̀ lọ, àkókò wọn lápapọ̀ sì dára jù. Èèyàn mẹ́sàn-án kéré, eré kúkúrú sì kọ́ ni tiwa. Síbẹ̀, tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún akọni lórí ọ̀nà kúkúrú, kí ló dé tí kò ní rí bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ báǹkì tó ṣì ní wákàtí márùn-ún níwájú? Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Kẹ̀kẹ́ gan-an tiẹ̀ ń jẹ́rìí sí i pé ìmọ̀ ibi tí a ń lọ ju ohun èlò lọ: ní Nice lọ́dún 2019, Gustav Iden, ọmọ Nọ́wè, borí lórí kẹ̀kẹ́ ojú títì lásán, níbi tí ọ̀pọ̀ tó bá a díje ti gun èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún líla atẹ́gùn. Òkè àti kọ́ná Col de Vence ló fi yan kẹ̀kẹ́. Ẹ fi òkun yan ìwẹ̀ tiyín bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó tún wọ́pọ̀ ni pé púùlù òtẹ́ẹ̀lì ti tó. Ẹni tó lè wẹ gígùn púùlù onímítà 25 ní ìgbà 76 ti wẹ kìlómítà 1.9, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni pé ní gbogbo mítà 25 ni ògiri ń fún un láyè láti fẹsẹ̀ ti ara rẹ̀, kó mí, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tí kò kà sí ìsinmi. Ìlà dúdú wà nísàlẹ̀ tó ń darí rẹ̀, omi mọ́ gaara, kò sì sí ẹni tó ń gun ẹ̀yìn rẹ̀. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá kò jẹ́ sún mọ́ ọn. Nínú òkun, bí ẹ bá ti ju apá ní bíi ìgbà mẹ́fà sí mẹ́wàá, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ojú díẹ̀ sókè bí ọ̀nì láti wo bọ́ì tó ń fi ọ̀nà hàn. Tí ìgbì bá sì fi í pa mọ́, ẹ wá ohun gíga kan lórí ilẹ̀, ilé tàbí òkè, tó wà lọ́gangan rẹ̀. Ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń mí sápá ọ̀tún àti sápá òsì, kí ẹ lè kọ ẹ̀yìn sí ìgbì láti ibikíbi tó bá ti ń bọ̀. Ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tímọ́tímọ́, torí pé omi tó ti là sílẹ̀ ń dín iṣẹ́ yín kù, òfin sì gbà á nínú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí kẹ̀kẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi mítà 12 sílẹ̀ sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú. Púùlù dára fún kíkọ́ bí a ṣe ń ju apá. Kò sí èyí tó lè kọ́ yín nínú àwọn yòókù.

Aṣọ rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ náà ní àwọn tó gbọ́kàn lé e. Òótọ́ ni pé ó ń gbé ẹsẹ̀ léfòó, ó sì ń lé òtútù. Àmọ́ tó bá fún ọrùn àti àyà pinpin, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń mú kí ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí rò pé èémí ti tán nínú òun. Tí omi bá sì gbóná kọjá díígíríì 24.5, òfin lè má gbà yín láyè láti wọ̀ ọ́, ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn Nice sì lè mú omi dé ibẹ̀. Ẹni tó ti wẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tó sì ti wẹ̀ láìsí i, ni ìkéde àárọ̀ ọjọ́ náà kò ní dà láàmú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àtakò kan tó jẹ́ tiwa, èyí tí a máa ń sọ láàárín ara wa bí ẹni tó ń sọ òtítọ́ tí kò ní ìdáhùn: pé egungun èèyàn dúdú wúwo, omi kò sì gbé wa. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbé èèyàn léfòó jù lọ. Ìyàtọ̀ egungun sí egungun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn tó ń gbé orí omi kò bi egungun wọn léèrè kí wọ́n tó kọ́ ọmọ wọn ní ìwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà òmùwẹ̀ ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Alice Dearing wẹ kìlómítà mẹ́wàá nínú omi gbangba fún Bìrìtìkó ní Olimpíìkì Tokyo lọ́dún 2021, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún orílẹ̀-èdè náà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ku fún wa ni ibi tí a ti máa kọ́ ọ. Ẹni tó wà l'Ékòó kò gbọ́dọ̀ lọ kọ́ òkun ní etíkun gbalasa tí ìgbì ti ń wó lulẹ̀, tí omi abẹ́ sì ń wọ́ èèyàn lọ sínú agbami. Tarkwa Bay, tí ògiri òkúta ẹnu ibùdókọ̀ ojú omi dáàbò bò, rọrùn jù ú lọ, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ́nù lè wọ rélùwéè lọ sí Brighton ní bíi wákàtí kan. Òkúta ló kún etíkun yẹn náà, ó sì jọ ti Nice lábẹ́ ẹsẹ̀. Níbikíbi, tí omi bá ń wọ́ yín lọ sínú agbami, ẹ má bá a jà. Ẹ léfòó, kí ẹ wẹ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí ìfà náà yóò fi tú yín sílẹ̀, kí ẹ tó dojú kọ ilẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ẹ dé etí omi tẹ́lẹ̀, kí ẹ wọ̀ ọ́ bí wọ́n bá gbà yín láyè, kí ìjáyà ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ti kọjá kí fèrè tó dún. Tí kò bá sí àyè, ẹ da ìgò omi tútù kan sí ọrùn aṣọ rọ́bà àti sójú. Níbi tí wọ́n bá ti ń tú èèyàn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ tò sọ́dọ̀ àwọn tó ń fojú sọ́nà fún àkókò tiyín, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú gbé yín síwájú. Ẹ rọra ju apá fún mítà 200 àkọ́kọ́. Tí nǹkan bá yí, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ di ọkọ̀ kékeré àwọn adóòlà mú. Òfin gbà yín láyè láti dì í mú kí ẹ sinmi, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti fà yín síwájú, kò sì dín nǹkan kan kù nínú ìdíje yín. Àmọ́ tí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró, tí èémí kò délẹ̀, tàbí tí itọ́ bá ń hó pẹ̀lú àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹ jáde pátápátá. Omi lè ti ń kó jọ nínú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí sùúrù tó ń wò ó sàn nínú òkun.

Tí ilẹ̀ bá kan ọwọ́ yín, ẹ tún ju apá lẹ́ẹ̀méjì sí i kí ẹ tó dìde, torí pé òkúta etíkun máa ń gbé ẹni tó bá tètè dìde ṣubú. Orí yóò fẹ́ fò díẹ̀. Ẹ rìn, ẹ má sáré, títí dé ìdí kẹ̀kẹ́. Ẹ fi omi lásán fọ iyọ̀ ẹnu dànù kí ẹ tó mu ohunkóhun tó dùn, kí ẹ sì gun kẹ̀kẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15 títí ikùn yóò fi gbà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ jẹ òkèlè àkọ́kọ́.